Odò kan, orúkọ mẹ́ta: èwo ni ká kọ sílẹ̀?

Ọkùnrin kan tó ń gbé Èkó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ abà kan lẹ́bàá Ìwó, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ó ní kí n má dárúkọ abà náà. Ohun tó kọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn abà wa. Alákàn la bá bàbá wa tí wọ́n ń pè é. Nígbà tí a lọ sìnkú wọn lọ́dún tó kọjá, mo rìn lọ sókè odò, àwọn ará abà tó wà níbẹ̀ ní Omi Ìrókò lodò àwọn ń jẹ́. Nísàlẹ̀, níbi tí títì ti gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n kọ 'Odo Oba' sára pátákó. Máàpù orí fóònù mi ní 'Oba River'. Máàpù àtijọ́ kan tí ọ̀rẹ́ mi ní lọ́fíìsì fa ìlà rẹ̀, kò kọ orúkọ kankan sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ tí ìjọba bá kọ lorúkọ, pé ìnagijẹ lásán ni Alákàn. Èwo lorúkọ rẹ̀ gan-an? Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè fi Alákàn sórí máàpù kó má baà parun? A sì fẹ́ ya pílánì ilẹ̀ bàbá wa, odò yìí sì ni ààlà wa pẹ̀lú ìdílé kejì."

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ìdí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ti fẹ̀yìn tì, inú igbó àárín Ọ̀yọ́, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí mo fi ṣe é. Orúkọ odò lẹ béèrè, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n yín ti fẹ́ sọ bàbá yín di ẹni tí kò mọ orúkọ odò ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ará òkè odò náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ẹnì kan bá wà tí kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó kọ pátákó yẹn ni, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé àwa tí a kàwé máa ń rò pé odò gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo láti orísun títí dé ẹnu rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ fún un. Odò ńlá lè rí bẹ́ẹ̀. Ti odò kékeré yàtọ̀. Kí ni ará abà fẹ́ fi gbogbo gígùn odò ṣe? Ojú ibi tó ti ń pọnmi, tó ti ń rẹ gbágùúdá, tó ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ló mọ̀, ibẹ̀ náà ló sì sọ lórúkọ. Nígbà kan tí a ń wá ààlà oko kan, ìyá àgbà kan tẹ̀lé wa lọ sétí odò, torí àwọn ọmọkùnrin tí baálẹ̀ fún wa kò mọ̀ ju "odò" lọ. Bí a ṣe ń lọ ni ìyá ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka: ibí ni Ibú Aró, níbi tí àwọn aláró ti máa ń ṣan aṣọ, ọ̀hún ni Òkúta Ìfọṣọ, níwájú díẹ̀, Omi Ìyàwó, torí ibẹ̀ ni ìyàwó tuntun ti kọ́kọ́ ń pọnmi, lẹ́yìn ìyẹn, Àbàtà Ẹlẹ́dẹ̀. A kò tíì rìn tó máìlì kan tí orúkọ fi pé mẹ́fà nínú ìwé mi. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, odò fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló ń jẹ́?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Odò náà ni mò ń sọ fún ọ láti àárọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé orúkọ ojú omi ni orúkọ odò kékeré. Ìlà la máa ń fà sínú máàpù, ojú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ làwọn tó ń mu omi náà ń sọ lórúkọ. Nítorí náà Alákàn kò ba Omi Ìrókò jẹ́. Alákàn ni ibi tí abà yín ti ń pọn ọ́n, Omi Ìrókò ni ibi tí àwọn ará òkè ti ń pọn ọ́n. Àwọn odò ńlá pàápàá kò bọ́ nínú èyí pátápátá. Odò tí àwa ń pè ní Ọya, Kwara làwọn Hausa ń pè é, ibẹ̀ sì ni Ìpínlẹ̀ Kwara ti rí orúkọ tirẹ̀. Edu làwọn Núpé ń pè é. Lókè lọ́hùn-ún, ní apá Guinea àti Mali, Joliba ni. Omi kan náà ló gba gbogbo ibẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń pe Hausa lópùrọ́ torí pé kò pè é ní Ọya.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí pátákó. Odò Ọbà wà lóòótọ́, odò tó lórúkọ ni. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń bọ̀, ó sì ń lọ já sínú Ọ̀ṣun. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn Ọbà ìyàwó Ṣàngó, bí òun àti Ọ̀ṣun ṣe jẹ́ orogún, tí àwọn àgbà fi ní omi kì í fara rọ níbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Láti ibi tí ẹ júwe, ó dà bíi pé inú Ọbà ni odò yín ń ṣàn lọ, bóyá tààrà, bóyá ó kọ́kọ́ gba inú odò mìíràn kó tó débẹ̀. Bí odò ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀tìn tí wọ́n ń bọ l'Òkukù ń lọ sínú Erínlẹ̀, Erínlẹ̀ ń lọ sínú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń lọ sínú ọ̀sà. Níbi ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á gbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa jẹ́ ti èkejì lọ. Ẹni tó jókòó sọ́fíìsì tó ń wo ìlà búlúù kò rí ìpàdé yìí dáadáa. Ó rí igi kan tó ní ẹ̀ka púpọ̀, ó wá fi orúkọ ìtì igi pe gbogbo ẹ̀ka. Agbaṣẹ́ṣe tó ṣe títì náà ní láti kọ nǹkan sára pátákó afárá kó tó gba owó rẹ̀, odò ńlá tó súnmọ́ ibẹ̀ jù ló sì kọ. Mo mọ afárá mẹ́ta lójú títì kan náà tí wọ́n kọ orúkọ odò kan ṣoṣo sí, bẹ́ẹ̀ omi abẹ́ wọn jìnnà síra bí ilé àna mẹ́ta.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: O, b, a, láìsí àmì nísàlẹ̀, láìsí àmì lókè. Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn á kà á sí ọba aládé, yóò sì wá ìtàn ọba kan tó rì sínú odò fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Ògùn. Odò tí wọ́n fi sọ Ìpínlẹ̀ Ògùn lórúkọ ní 1976, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló ní. Ògún onírin, òkè lohùn rẹ̀ parí sí. "Ogun" ni máàpù kọ fún méjèèjì, títí tí àwọn kan fi ń jiyàn pé odò àwọn alágbẹ̀dẹ ni. Ọya náà wà níbẹ̀, tí ẹ bá ṣi àmì rẹ̀ fi sí i, ó ti di ọ̀yà tí a ń fi jẹ iyán. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kọ, ẹ fi àmì sí i.

Máàpù àtijọ́ tí kò kọ nǹkan sí odò yín kò sọ pé odò náà kò lórúkọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ èyí dáadáa. Máàpù irú yẹn, tí wọ́n yà ní ìwọ̀n 1:50,000, àwòrán tí wọ́n yà láti inú bàálù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bàálù rí igi tó tò lọ bí ọ̀já, àwọn tó ń yà á mọ̀ pé omi wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fa ìlà. Ṣùgbọ́n bàálù kì í gbọ́ orúkọ. Ẹnìkan ní láti fẹsẹ̀ rìn wá béèrè, owó àti àkókò kì í sì í tó láti dé gbogbo abà. Lórí máàpù yẹn, sẹ̀ǹtímítà 2 ni kìlómítà kan, odò tó gùn ní kìlómítà mẹ́ta kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan. Àyè orúkọ mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti béèrè, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò á nàka sómi, wọ́n á ní kí lèyí, ará oko á ní, "Odò ni." Wọ́n á kọ "Odo River" sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn jù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní odò tó ju ẹyọ kan lọ tó ń jẹ́ Avon, ọ̀rọ̀ tó sì túmọ̀ sí odò lásán ni, lédè àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Àwọn tó dé lẹ́yìn gbọ́ "odò", wọ́n rò pé orúkọ ni.

Ní ti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn mi lè má tẹ́ yín lọ́rùn, torí ibẹ̀ kì í dúró lójú kan. Òkúta akọ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè yín. Orí òkúta yìí ti rà láti ayébáyé, ó ti di ìyẹ̀pẹ̀ pupa àti amọ̀, ìpele yìí sì lè jìn ní ọ̀pọ̀ mítà níbì kan, kí òkúta sì yọrí síta níbòmíràn. Omi òjò á wọ inú ìyẹ̀pẹ̀ yìí bíi fóòmù, nígbà tó bá kan òkúta tí kò ríbi wọ̀ mọ́, á máa yọ́ lọ sísàlẹ̀ títí tí yóò fi dé ibi tí ilẹ̀ ti rì. Ibẹ̀ ni yóò ti sun jáde. Kì í ṣe ihò kan tí omi ń tú jáde nínú rẹ̀ bíi ti Ìkogòsì o. Èyí tó pọ̀ jù nínú orísun odò wa kò lẹ́wà rárá. Àbàtà ni, ilẹ̀ rírọ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí, tí igi ògùrọ̀ dúró sí, tí omi pupa bíi ìpẹtà tín-ín-rín ń rọra rìn láàárín ewé rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ láti Oṣù Kẹta dé Oṣù Kẹsàn-án, fóòmù náà á kún, odò á bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Tó bá fi máa di Oṣù Kejì, omi inú ìyẹ̀pẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, orísun náà á sì ti fà sẹ́yìn lọ sísàlẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìwọ̀n tó tó ìdajì kìlómítà. Ẹni tó rìn ín nígbà òjò àti ẹni tó rìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jà títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn méjèèjì ló tọ́.

Bí odò náà bá wá pín sí méjì lókè, wàhálà tún dé. Àwọn kan ní ẹ̀ka tó gùn jù ni ìyá. Àwọn kan ní èyí tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni. Èmi, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti omi, èyí tí kì í gbẹ ni mò ń tẹ̀lé, ìbáà kúrú. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti orúkọ, ẹnu àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni mò ń tẹ̀lé, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀ka tó tíńrín jù ni wọ́n fún lórúkọ náà. Ìlà tí ẹ rí lórí fóònù ńkọ́? Ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Púpọ̀ nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló fà á. Ní Oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Amẹ́ríkà fi rédà wọn gíga ilẹ̀ láti òkè, kọ̀ǹpútà sì ń fi ìwọ̀n náà ṣírò ibi tó yẹ kí omi gbà. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 30, tó sì fẹ̀ ní mítà 30, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní fún gíga rẹ̀. Odò yín, tí ọmọdé lè fò kọjá lẹ́ẹ̀rùn, kò tó nǹkan kan nínú ìyẹn. Níbi tí igi bá sì ti pọ̀, orí igi ni rédà ń rí, kì í rí ilẹ̀. Èyí ni odò orí fóònù fi máa ń gba àárín ilé onílé kọjá nígbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Alákàn fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí" la máa ń wí, nítorí náà orúkọ yẹn lè jẹ́ akàn fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ odò tó ní akàn nínú. Lọ́nà méjèèjì, ó ń sọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ fojú rí: etí odò tó ní amọ̀ rírọ̀, ihò kéékèèké lára bèbè, kí àwọn ọmọdé máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ihò yẹn bá ṣì wà, ẹ ó rí i. Ẹnìkan yóò sọ ìtàn ọdẹ tó tẹ̀dó síbẹ̀ fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìtàn, ẹ má kọ ọ́ bí ẹ̀rí. Ẹ sì mọ̀ pé Alákàn pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí Omi-Tútù àti Ẹlẹ́ja ṣe pọ̀. Orúkọ abà ni ẹ máa so mọ́ ọn kó má baà ṣì mọ́ òmíràn.

Ẹ lè fi í sórí máàpù. OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń jọ yà, gba ẹnikẹ́ni láyè láti fa odò àti láti kọ orúkọ sí i, àǹfààní tó sì wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè gé ìlà náà sí ọ̀nà méjì mẹ́ta kí apá kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn: Omi Ìrókò lókè, Alákàn lẹ́yìn abà yín, ibi tí ẹnu àwọn ènìyàn bá ti yí padà ni kí ẹ gé e sí. Ti Google, àbá lẹ máa dá, àwọn ló máa pinnu. Ti ìjọba le díẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan nígbà kan rí nípa orúkọ odò tí wọ́n ṣì kọ, èsì kò dé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èyí tí mo bẹ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ kọ Alákàn sórí gbogbo gígùn odò nítorí ìfẹ́ bàbá yín. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe sí bàbá lẹ fẹ́ ṣe sí àwọn ará òkè yẹn.

Pílánì ilẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ wá lọ́yà kan bí ìdílé kejì bá ti ń fa ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo ti dúró bí ẹlẹ́rìí, mo sì lè sọ pé orúkọ nìkan kì í pa ẹjọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìtàn ìdílé sì wà nínú wọn. Bí ìdílé méjèèjì bá mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ, pé ẹ pè é ní Alákàn kí wọ́n pè é ní Ọbà kò sọ ọ́ di ilẹ̀ méjì. Ẹ ní kí awọnlẹ̀ kọ orúkọ méjèèjì sínú pílánì. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní tòótọ́ ni pé omi ń rìn. Àgbàrá ọdún kan lè gé bèbè ẹ̀gbẹ́ kan kó kó iyanrìn sí ìkejì, àwọn tó ń wa yanrìn sì lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Àdéhùn tó ní "odò ni ààlà" láìsọ bóyá àárín omi ni tàbí bèbè, àti bó ṣe rí lọ́dún wo, ìyẹn lẹ ó jà sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri òpó kọnkéré sí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ìdílé kejì dúró níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rì í, kí wọ́n sì wọn àárín odò láti ara òpó náà.

N kò rí odò yín, nítorí náà ẹsẹ̀ yín ni yóò parí ìdáhùn yìí. Ẹ lọ nínú Oṣù Kejì, nígbà tí koríko ti gbẹ tí omi sì kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti afárá kí ẹ máa gòkè. Ẹ bẹ obìnrin àgbà kan láti abà kọ̀ọ̀kan kó bá yín rìn, torí obìnrin ló pọn omi náà, ọkùnrin kàn ń kọjá lórí rẹ̀ lọ sóko ni. Bí wọ́n bá ti dárúkọ, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí Alákàn ti di Omi Ìrókò, ẹ bi wọ́n pé igi ìrókò náà dà. Wọ́n lè ti gé e tipẹ́, ṣùgbọ́n kùkùté ìrókò kì í tètè jẹrà.